Awọ tó ń yi lábẹ́ ẹsẹ̀: ṣé ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi ni àbí bàtà?

Tíṣà obìnrin kan láti Òṣogbo ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 49 ni mí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni, orí ìdúró ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ títí a ó fi jáde. Abẹ́ ẹsẹ̀ mi méjèèjì, nídìí ìka, ti yi gan-an, ó sì ń dùn mí bí ẹni pé mo tẹ òkúta. Kókó kékeré kan tún wà lórí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún. Abẹ ni mo fi ń fá a lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń nípọn sí i. Ẹnìkan ní mo ti tẹ nǹkan tí wọ́n dà sílẹ̀ dè mí. Ẹlòmíì ní kí n máa ra bàtà tó fi nọ́ńbà méjì ju tèmi lọ. 39 ni mo ń wọ̀ kí n tó bímọ, 40 ni mo ń wọ̀ báyìí. Àbúrò mi tó wà ní London fi 6 ránṣẹ́ sí mi, kò gbà mí. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ. Kí ni kí n ṣe?”

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdúró. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń dà yín láàmú ju ìrora lọ ni pé ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rù: ẹsẹ̀ ni, bàtà ni, àbí ọmọ aráyé. Aṣe-bàtà ni mí, n kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe ní Ìbàdàn láti ọdún pípẹ́ ni kí n máa wọn ẹsẹ̀ àwọn tí bàtà ọjà kò gbà, títí kan àwọn tí ilé ìwòsàn ní kí wọ́n lọ wá bàtà tó rọ̀ wọ̀. Irú ẹsẹ̀ bíi tiyín ni mo máa ń gbé lé itan wò jù lọ. Èrò tèmi ni pé bàtà yín ló jẹ̀bi jù, ìbú rẹ̀ pàápàá. Abẹ tí ẹ ń lò náà sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kó tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Awọ tó yi kì í ṣe àrùn. Níbikíbi tí nǹkan bá ti ń tẹ awọ, tó sì ń gbo ó lójoojúmọ́, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ìpele òkè rẹ̀ ní kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó yẹ kó ré dànù kò ní tètè ré, wọ́n á máa gun orí ara wọn. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀: ibi tí ẹ̀rúkọ́ ti ń gbo ó gan-an ló yi, ibi tó kù ń dán. Ààbò ni ara ń ṣe. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì Harvard gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa ẹsẹ̀ àwọn ará Kenya. Wọ́n rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn láìwọ bàtà yi ju ti àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń mọ ilẹ̀ lára bí àwọn yòókù ṣe ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, yíyi lásán kọ́ ni ìyọnu. Ìyọnu ni kó dì sójú kan, kó máa nípọn níbẹ̀ nìkan. Nígbà yẹn, awọ tó yẹ kó dáàbò bo ẹran á wá di ohun líle tí egungun ń tẹ̀ mọ́ ẹran láti òkè, tí ilẹ̀ sì ń tì padà láti ìsàlẹ̀. Òkúta tí ẹ ń sọ pé ẹ tẹ̀ yẹn, ara yín ló wà.

Kókó orí ọmọńdinrín yín, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní kọ́ọ̀nù, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti awọ tó yi. Tirẹ̀ kàn kéré, ó rí róbótó, ó sì ní ojú líle kan láàárín tó ń gún ẹran nínú. Kò ní gbòǹgbò, ohun yòówù tí àwọn tó ń kiri hú u ì báà máa sọ. Ohun kan wà tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun, ìyẹn hóró tí fáírọ́ọ̀sì ń fà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ilà awọ. Bí ilà náà bá gba orí ibi tó yi kọjá lọ, ohun tí à ń sọ náà ni. Bí ilà bá yà fún un, tí ẹ rí àmì dúdú wínníwínní nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka méjì fún un láti ẹ̀gbẹ́ ló ń dùn ju kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí lọ, ẹ fi han dókítà.

Ní ti abẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ohun tó ń tẹ ẹsẹ̀ yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fá a, ó tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí ni ẹ fẹ́ kí awọ ṣe? Á tún ara rẹ̀ kọ́ ni. Ewu rẹ̀ sì pọ̀. Téèyàn bá fá a kọjá ààlà díẹ̀ báyìí, ẹran ló kàn, orí ilẹ̀ ni ẹran náà sì máa gbé ìdọ̀tí. Àwọn tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, tí à ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí wọn kí a tó rí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé abẹ tí wọ́n fi gé ti ẹnìkan ni wọ́n á fi gé ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò HIV àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú ń gbé, ojú abẹ kékeré tó wọn. Omi bátìrì tí àwọn kan ń kán sí i tún burú jù ú lọ: ásíìdì ni, kò mọ awọ tó yi yàtọ̀ sí èyí tó yè. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n kán an sí. Kókó kékeré ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, egbò tí kò tètè san ló kù níbẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ ti tẹ nǹkan ńkọ́? Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tí ẹ gbà gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹsẹ̀ yín méjèèjì yi ní ojú kan náà, níbi tí egungun ti ń tẹ bàtà gẹ́lẹ́. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ “mo tẹ nǹkan” yìí ti ń ṣe àwọn èèyàn wa lọ́ṣẹ́, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ tí mo bá gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ á máa jó èèyàn bí iná lóru, á máa ṣe wọ́n bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, tàbí kó kú pátápátá tí wọn ò fi ní mọ̀ bí sálúbàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n á ní àwọn tẹ oògùn, wọ́n á lọ sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà ló ti ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú gbẹ́rẹ́ náà á sì di egbò. Ẹ ò sọ pé ẹsẹ̀ ń jó yín, inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá yín ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀yin náà sì ti ń súnmọ́ 50. Kí ẹ tó ra bàtà kankan, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan. Bó bá tó 126 lórí ìwọ̀n mg/dL, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó pè é ní àtọ̀gbẹ. Ìdí tí mo fi fi í ṣáájú ni pé bó bá lọ jẹ́ pé ẹ ní in, púpọ̀ nínú ìtọ́jú ilé tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ kò ní jẹ́ tiyín mọ́.

Ẹ padà wá síbi bàtà. Ojú ibi tí awọ ti yi ni èmi fi ń mọ ohun tí bàtà ń fojú ẹsẹ̀ rí, kí olówó rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ rárá. Bó bá jẹ́ orí oríkèé ìka ló ti yi, bàtà kúrú tàbí kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ jù, ìka sì ń ká kò nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e, tí ibẹ̀ funfun tó sì rọ̀, ńṣe ni bàtà ń fún àwọn ìka pọ̀ tí òógùn sì ń rin wọ́n. Etí gìgísẹ̀ tó nípọn tó sì là, ti àwọn tó ń wọ sílípáàsì tí kò ní ẹ̀yìn ni, pàápàá nígbà ọyẹ́. Tiyín wà nídìí ìka àti lórí ọmọńdinrín. Ẹ ò sọ irú bàtà tí ẹ ń wọ̀, àmọ́ ó ṣe mí bíi pé ọ̀kan nínú méjì ni: èyí tó ga lẹ́yìn, tàbí bàtà pẹlẹbẹ tó ṣe ṣóńṣó lórí, tí sóòlù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èyí tó ga lẹ́yìn á ti ìwúwo ara yín síwájú sórí ìdí ìka. Èyí tó fẹ́lẹ́ á fi yín lé ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kíláàsì lọ́wọ́. Èyí tó ṣe ṣóńṣó nínú àwọn méjèèjì á sì máa fún ọmọńdinrín.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní egungun 26 àti oríkèé 33. Ìdí nìyí tó fi ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí. Ó máa ń fẹ̀, ó sì máa ń gùn díẹ̀ sí i téèyàn bá dìde dúró. Ó máa ń wú tó bá di ọ̀sán. Oyún máa ń tú u, nígbà mìíràn kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, torí náà kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú 39 tó di 40. Ọjọ́ orí náà ń mú un fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ṣì ń bèèrè lọ́jà.

Nọ́ńbà gan-an ló ṣi yín lọ́nà, pẹ̀lú ẹni tó ní kí ẹ fi méjì kún un. Gígùn nìkan ni nọ́ńbà ń sọ, kò sọ ìbú. Nínú ìwọ̀n ti ilẹ̀ Faransé tó bí 39 àti 40, láti nọ́ńbà kan sí èkejì kò ju mílímítà 7 lọ. Ti London, mílímítà bíi 8 àbọ̀ ni, torí ìdá mẹ́ta íńṣì kan ni wọ́n fi ń kà á. Nọ́ńbà 6 ti London bọ́ sí 39 ó lé díẹ̀, kò tó 40 yín. Ká ní Amẹ́ríkà ni àbúrò yín wà, 8 ti obìnrin níbẹ̀ ni ìbá súnmọ́ 6 ti London. Ẹ ní kó wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lára bàtà tàbí páálí rẹ̀: fún bàtà obìnrin ní London, D ni ti ẹsẹ̀ tí kò fẹ̀ tí kò sì tín-ín-rín, E ni tó fẹ̀, EE ni tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ 6 àbọ̀ tàbí 7 tó ní lẹ́tà E ló fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ra 42 nítorí pé 40 fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ yín á máa rìn síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, ìka á máa ká láti di bàtà mú, ibi tó yẹ kó tẹ̀ lára bàtà kò ní bá ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ mu. Gbígbo yẹn náà á tún mú awọ yi. Bàtà tó tóbi jù kì í wo ohun tí èyí tó fún bá dá sílẹ̀.

Ẹ ṣe báyìí. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti dé láti ibi iṣẹ́, ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ dúró lé e lórí pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ọmọ yín kan fi pẹ́ńsù tó dúró ṣánṣán ya ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yípo. Ẹ má fọwọ́ ara yín yà á, torí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdúró yín ti yí nìyẹn. Ẹ gé àwọn páálí náà kúrò, ẹ kó wọn lé ara wọn; ẹ ó rí i pé ọ̀kan lè tóbi ju èkejì lọ, èyí tó tóbi ni ẹ ó sì máa fi ra bàtà. Wàyí, ẹ ti páálí náà bọ inú bàtà tí ẹ ń wọ̀ lọ sílé ìwé. Bó bá ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní apá ọmọńdinrín, ẹ ti rí ohun tí mò ń sọ. Mo ti fi èyí han ọ̀pọ̀ obìnrin tó búra pé bàtà àwọn kò fún àwọn, páálí ló jẹ́ kí wọ́n gbà.

Páálí yẹn ni kí ẹ mú dání lọ sọ́jà, kí ẹ lọ nígbà tí oòrùn bá ti ń yí. Ẹ wọ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ dìde dúró. Láàárín ìka tó gùn jù àti orí bàtà, ó yẹ kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ wà. Ẹ má gbàgbé pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ́ ló gùn jù fún gbogbo èèyàn. Ibi tó fẹ̀ jù lára ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ síbi tó fẹ̀ jù lára bàtà. Kí gìgísẹ̀ má máa yọ bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ wá ojú ìránṣọ tàbí gọ́ọ̀mù tó le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: nídìí ìka ló yẹ kó ti ká, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Èyí tó bá ká láàárín méjì, kò ní gbé ẹnikẹ́ni ró. Ọlọ́jà á ní, “Màdáámù, ó máa là tí ẹ bá ti ń wọ̀ ọ́.” Ẹ má gbà. Awọ gidi máa ń fẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, aránbàtà sì lè bá yín fẹ̀ ẹ́ sí i lórí igi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mú un gùn. Rẹ́síìnì kì í là rárá, ẹsẹ̀ ló ń là fún un.

Tí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo máa yàn fún yín, kánfáàsì tí orí rẹ̀ fẹ̀, tí sóòlù rẹ̀ nípọn, tó sì ní okùn, ni. Bí ọ̀gá ilé ìwé kò bá fẹ́ ẹ, sálúbàtà aláwọ tó ní ìgbátí lẹ́yìn àti sóòlù rọ́bà tó rọ̀ lè ṣe é. Okirika dára ní ti pé ẹ lè fi owó tí kò pọ̀ rí awọ gidi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹlòmíì ti mọ ara rẹ̀ sínú ẹ. Ẹ yí i po, ẹ wo sóòlù. Bó bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi í sílẹ̀, ìrìn olówó rẹ̀ àtijọ́ ló máa kọ́ yín. Bàtà tí a fi ọwọ́ ṣe lè gba ẹsẹ̀ yín gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ wa: ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé lásìtì tó fún náà, ìyẹn igi oníríí ẹsẹ̀ tí a fi ń mọ bàtà, ni a ní, a kàn ń kọ nọ́ńbà mìíràn sí i. Ẹ bi aṣe-bàtà bóyá ó máa lẹ awọ mọ́ lásìtì rẹ̀ kó lè fẹ̀ tó páálí yín. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíì.

Fún awọ tó ti yi nílẹ̀, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ṣúgà yín wà ní ìwọ̀n, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi òkúta ìhasẹ̀ ha á jẹ́jẹ́. Ẹ má ha á tán lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, àárín ìka pàápàá. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní ihò tó ń mú òróró jáde bí awọ ara tó kù, òógùn nìkan ló ń là, nítorí náà ohun tí ẹ bá fi pa á ló máa lò. Ìpara tó ní urea ló ń rọ̀ ọ́ jù, àwọn oníṣòwò oògùn òyìnbó ń tà á. Òrí náà dára tí ẹ bá fi í lé omi tó ṣì kù lára awọ, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹ má fi sí àárín ìka. Pẹlẹbẹ oògùn kọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ní ásíìdì nínú; ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá yẹ̀ díẹ̀, awọ tó yè ló máa jẹ, kò sì sí ohun tó yẹ kó pa òun àti alátọ̀gbẹ pọ̀. Bí bàtà bá ti tọ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó máa retí ìyàtọ̀.

Ó níbi tí agbára mi mọ. Mi ò rí ẹsẹ̀ yín. Bí egungun ìdí àtàǹpàkò bá ti yọ síta, tàbí tí ìka kan bá ti ká tí kò ṣe é nà mọ́, bàtà lè dín ìrora kù, kò lè tún egungun tò. Àwọn onímọ̀ ẹsẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn egungun bíi ti Igbóbì ní Èkó ní àwọn tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà láti gbé ìwúwo kúrò lójú kan. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá lórí bàtà tó gbà yín tí kò sí àyípadà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ó ku ìyá yín, ẹ ò bi mí nípa wọn, àmọ́ mi ò lè fò wọ́n. Dókítà Paul Brand, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà ní 1946, tó sì ń tọ́jú àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀, ló là á yé àwọn oníṣègùn pé ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ kì í ṣàdédé jẹrà: ohun kékeré tó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra tí olówó ẹsẹ̀ kò mọ̀ ló ń dá egbò sí i. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí alátọ̀gbẹ. Awọ tó yi lẹ́sẹ̀ wọn lè bo egbò mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ má sì bá wọn ha á. Lálaalẹ́ kí ẹnìkan wo abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ sì gbọn bàtà wọn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìṣó tí wọn ò ní mọ̀ lára. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọ̀ dúdú lábẹ́ awọ tó yi, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.